Blind Faith (1969): àwo-orin kan ṣoṣo, ẹgbẹ́ túká. Ṣé ìlù Ginger Baker ló bà á jẹ́?

#1 · Baba_Aláwo

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo mọ̀ pé àpàlà, jùjú àti fújì la máa ń jà lé lórí níbí, ṣùgbọ́n ẹ gbà mí láàyè lónìí, rọ́ọ̀kì líle ni mo gbé wá.

Ní Sátidé tó kọjá ni mo lọ tú àpótí àwo tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi sílẹ̀ ní Ìbàdàn, kí ikán má baà bá wa jẹ ẹ́ tán. Haruna Ishola wà níbẹ̀, I. K. Dairo wà níbẹ̀, Jim Reeves náà ò gbẹ́yìn (ilé wo ni Jim Reeves ò sí láyé ìgbà yẹn?). Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo ti kan Blind Faith. Páálí rẹ̀ ti ya, ojú kejì ń ta pàràpàrà bí àgbàdo tí wọ́n ń yan, àmọ́ ó ṣì ń kọ.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ wọ́n: èèyàn mẹ́rin ni wọ́n, Ìlú Ọba ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Eric Clapton ló ń ta gìtá, Ginger Baker ló ń lùlù. Inú Cream ni àwọn méjèèjì ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò, Cream tó ṣeré ìdágbére ní Royal Albert Hall ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá, 1968. Steve Winwood wá láti inú Traffic. Òun ló ń kọrin, òun ló ń tẹ dùùrù, ó tún ń ta gìtá, ọmọ ọdún 21 péré sì ni. Ric Grech tó ń ta báàsì fi ẹgbẹ́ tirẹ̀, Family, sílẹ̀ láàárín ìrìn-àjò orin ní Amẹ́ríkà kó lè bá wọn lọ. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà, 1969, wọ́n jáde fáráyé ní Hyde Park. Àwo-orin wọn jáde ní oṣù Kẹjọ. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ yẹn náà ni wọ́n ṣeré ìkẹyìn ní Hawaii. Ó parí. Ẹ kà á lórí ìka: láti Hyde Park dé Hawaii kò pé oṣù mẹ́ta. Àwo yìí sì dé ipò kìn-ín-ní ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ń jó lágbo, ilé tí wọ́n bí i sí ti wó.

Orin mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́rin tó wà lójú kìn-ín-ní, kò sí èyí tí mo lè fọwọ́ rọ́ tì. Lójú kejì, "Sea of Joy" ló kọ́kọ́ wọlé, Grech gbé fáyólìnì, ó dùn dé ọkàn. Ìgbà náà ni "Do What You Like" tí Ginger Baker kọ wá dé. Ìṣẹ́jú 15! Nínú àwo tí gbogbo ẹ̀ ò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 42 lọ! Dùùrù gba tirẹ̀, gìtá gba tirẹ̀, báàsì gba tirẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo wọn dákẹ́, Baker wá ń dá ìlù lù bí ẹni tí wọ́n tì mọ́ yàrá. Orin mẹ́ta gidi ì bá wà níbẹ̀. Lójú tèmi, òun ló ba àwo yìí jẹ́. Ẹ wá bá mi dá sí i.

#2 · Gìtá_Mushin

Baba, ẹ kú iṣẹ́ àpótí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ bi yín ná: ṣé rọ́ọ̀kì líle lẹ pe eléyìí? Cream ni rọ́ọ̀kì líle. Tí ẹ bá yọ "Had to Cry Today" àti àárín "Presence of the Lord", níbi tí gìtá Clapton ti já bí ajá tó rí ẹran, kí ló kù tó le níbẹ̀? "Can't Find My Way Home", gìtá tí kò gba iná ni wọ́n fi ta á, Baker ń rọra fọwọ́ kan ìlù bí ẹni tí ò fẹ́ kí ọmọ jí.

Ariwo ti sú Clapton fúnra rẹ̀ lásìkò yẹn. Ó ti gbọ́ Music from Big Pink tí The Band gbé jáde ní 1968, ọkàn rẹ̀ sì ti kúrò lára kí olúkálukú máa ta tirẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n wá gbé Baker wọlé. Kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?

Lórí ìlù yẹn, ẹ̀yìn yín ni mo wà. Tó bá ti débẹ̀, mo máa ń dìde lọ bu omi mu. Mo bu omi, mo padà dé, ó ṣì ń lù.

#3 · Ọmọ_Àyàn

Ẹ̀yin ọlọ́gìtá, ẹ rọra o.

Baba, mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ sọ níbí lóṣù tó kọjá pé tí Haruna Ishola bá bẹ̀rẹ̀, ẹ kì í gbé abẹ́rẹ́ kúrò títí ojú àwo á fi tán. Barrister ńkọ́? Ojú àwo kan á tán lórí oríkì èèyàn márùn-ún, ẹ ò sọ pé ó pẹ́. Fela gba odidi ojú kan kó tó ya ẹnu, ẹ ní òun lọ̀gá. Kí ló wá ṣe ìṣẹ́jú 15 tí Baker gbà tó fi di ẹ̀ṣẹ̀?

Ẹ jẹ́ á sọ̀rọ̀ orin náà gan-an. Ẹ fetí sí i, kí ẹ kà á: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ìkà márùn-ún márùn-ún ni wọ́n fi gbé e. Ẹni tó bá fẹ́ jó o bó ṣe ń jó orin rọ́ọ̀kì yòókù, tí ìkà wọn jẹ́ mẹ́rin mẹ́rin, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kọ́ra. Winwood ń kọrin lórí ẹ̀ bíi pé kò sí nǹkan kan. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, ẹ má fojú kékeré wò ó.

#4 · Gìtá_Mushin

Ọmọ Àyàn, o ò dáhùn ọ̀rọ̀. Tí Barrister bá gba ojú àwo kan, èèyàn ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ń kì, ó ń bú, ó ń ṣe àdúrà, o ń retí ẹni tí orúkọ rẹ̀ kàn. Fela náà, fèrè wà níbẹ̀, akọrin wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ta ni Baker ń bá sọ̀rọ̀ ní ti ẹ̀?

#5 · Ṣàkàṣíkí

Ó ń bá alágbàtà sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n sanwó òun 😂

#6 · Ìyá_Ìbejì_Peckham

Ẹ káàsán o. Èmi ò mọ orin rọ́ọ̀kì tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Hyde Park yẹn jẹ́ kí n dá sí i. Bàbá òyìnbó kan wà ládùúgbò wa tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀fẹ́ ni, kò sẹ́ni tó san kọ́bọ̀, èrò sì lé ní 100,000. Ó ní òun gun kẹ̀kẹ́ lọ ni, oòrùn mú dáadáa, gbogbo wọn jókòó sórí koríko. Mo bi í pé báwo leré náà ṣe rí, ó ní: "Jẹ́jẹ́." Ó ní àwọn tó wà lẹ́yìn òun ń retí kí gìtá dún gbàgà bíi ti Cream, kò dún bẹ́ẹ̀.

Fídíò eré yẹn wà, wọ́n ti gbé e jáde. Ọkọ mi wò ó, ó ní ojú Clapton dà bíi ti ẹni tí wọ́n mú wá sí ìyàwó tí kò fẹ́.

#7 · Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti bàbá wa, ẹ kú àlàyé o. Orí fóònù ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ "Can't Find My Way Home", mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn tó kọ ọ́ ti túká kí wọ́n tó bí bàbá mi. Ohùn Winwood yẹn! Mo rò pé obìnrin ni tẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè mi rèé. Tí àwo yín bá wà nípò kìn-ín-ní lórílẹ̀-èdè méjì, kí ló dé tí ẹ máa fi túká? Ṣé wọ́n jà ni?

#8 · Baba_Aláwo

Ọmọ mi, ìbéèrè gidi nìyẹn. Kì í ṣe ìjà tí wọ́n fi ìgò fọ́ra wọn lórí. Cream ló ṣe ìyẹn tẹ́lẹ̀, níbi tí Baker àti Jack Bruce tó ń ta báàsì wọn ò ti lè rí ara wọn sójú.

Ní ilé Winwood ní Aston Tirrold, abúlé kan tó wà ní Berkshire nígbà náà, ni òun àti Clapton ti ń ṣeré, láìsí wàhálà. Baker wá yọjú lọ́jọ́ kan. Inú Winwood dùn. Clapton ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ ẹ, torí ó mọ̀ pé tí Baker bá ti wọlé, ojú Cream ni gbogbo ayé máa fi wò wọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló sì rí.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò Amẹ́ríkà ní Madison Square Garden. Orin mélòó ni wọ́n ní? Mẹ́fà inú àwo, àwo náà ò sì tíì dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ wá gbé èèyàn mẹ́rin bẹ́ẹ̀ síwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò tó ti mutí. Èrò ń kígbe "Cream! Cream!" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi "Sunshine of Your Love" tù wọ́n lójú. Clapton tó sá kúrò nílé tún bá ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé náà.

Delaney and Bonnie ló ń ṣí agbo fún wọn. Clapton fẹ́ràn àwọn yẹn débi pé ọ̀dọ̀ wọn ló máa ń wà, mọ́tò wọn ló ń wọ̀. Ẹ̀yin ẹ wò ó, ọkọ ìyàwó wà ní tábìlì àwọn alásè. Nígbà tí wọ́n dé Hawaii, kò sí ẹni tó nílò kí wọ́n tún kéde ohunkóhun.

#9 · Gìtá_Mushin

Kí ẹ sì fi kún un pé inú àwọn olórin Delaney and Bonnie yẹn náà ni Clapton ti kó èèyàn jọ ní 1970 láti dá Derek and the Dominos sílẹ̀. Ìyẹn náà, àwo kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe ní sítúdíò, Layla, wọ́n túká. Ọkùnrin yìí ń gbé ìyàwó bí ẹni ń pààrọ̀ bàtà.

Ṣùgbọ́n Layla dára ju Blind Faith lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Mo sọ ọ́, mi ò sì ní kó o.

#10 · Ọmọ_Àyàn

Ẹ má gbé Layla wọ ibí o, a ò ní tán.

#11 · Alámòójútó

Ẹ ṣeun. Layla, ẹ ṣí ojú-ìwé tiẹ̀. Ṣàkàṣíkí, mo ti yọ èyí tó o kọ nípa ìyàwó ọ̀rẹ́ Clapton kúrò.

#12 · Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú tí mo bá ń béèrè jù. Ginger Baker yìí, ṣé òun náà ni orúkọ rẹ̀ wà lára àwo Fela? Fela pẹ̀lú Ginger Baker, Live! Bàbá mi ní ẹ̀dà rẹ̀ lórí kásẹ́ẹ̀tì.

#13 · Ọmọ_Àyàn

Òun gan-an! Ibi tí mò ń lọ nìyẹn tí ẹ fi Layla dá mi dúró.

Ẹ gbọ́. Kí Baker tó gbajúmọ̀ rárá, onílù kan wà ní London tó ń jẹ́ Phil Seamen. Òun ló mú Baker jókòó, tó fi àwo ìlù ilẹ̀ Áfíríkà hàn án. Baker sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé ọjọ́ náà ni ìlẹ̀kùn ṣí. Nítorí náà, nígbà tó ń lu "Do What You Like" ní 1969, kì í ṣe pé ó kàn ń pariwo. Nǹkan kan wà tó ń wá.

Blind Faith túká. Baker kó èèyàn jọ, ó pe wọ́n ní Air Force. Ta ló wà níbẹ̀? Winwood. Grech. Phil Seamen, ọ̀gá rẹ̀. Àti Remi Kabaka, ọmọ Nàìjíríà, lórí ìlù! Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, 1970, wọ́n ṣeré ní Royal Albert Hall, wọ́n gbà á sílẹ̀, wọ́n ṣe é ní àwo méjì pọ̀. Orin wo ló tún wà níbẹ̀? "Do What You Like"! Mẹ́ta nínú mẹ́rin Blind Faith ló tún pàdé lórí orin tí ẹ ní ó ba àwo jẹ́.

Lọ́dún yẹn kan náà, Baker wá sí Èkó. Ní 1971, ó wakọ̀ Range Rover gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá títí tó fi tún dé Nàìjíríà, Tony Palmer ń ya fíìmù rẹ̀. Ní 1971 náà ni òun àti Fela pẹ̀lú Africa 70 wọ Abbey Road, tí wọ́n gba Live! sílẹ̀. Orin mẹ́rin péré ló wà nínú ìyẹn. "Ẹ gbé mi o" nìkan lé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ ò rí i pé Baker ti dé ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní wo aago mọ́ ọn lọ́wọ́?

#14 · Ìyá_Ìbejì_Peckham

Ha! Remi Kabaka! Bàbá mi máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àwọn ìbejì Lijadu ńkọ́, Táíwò àti Kẹ́hìndé? Ṣebí àwọn náà bá Baker ṣe? Ẹ má rò pé torí ìbejì tèmi ni mo ṣe ń bèèrè o. 😀

#15 · Ọmọ_Àyàn

Ẹ ṣeun Màmá, ẹ rán mi létí. Bẹ́ẹ̀ ni. Baker dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ níbí tó ń jẹ́ Salt. Berkley Jones àti Laolu Akins wà níbẹ̀, àwọn tó wá gbé BLO kalẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn ìbejì Lijadu bá Salt lọ sí Munich ní 1972, nígbà ìdíje Òlíńpíìkì.

Gìtá Mushin, tó o bá ń wá rọ́ọ̀kì líle, lọ gbọ́ Chapter One tí BLO gbé jáde ní 1973. Gìtá Berkley Jones yẹn, ó ta bí ata rodo. Má wá sọ fún mi pé ohun tí Blind Faith fi sílẹ̀ kò ju àwo kan lọ.

#16 · Gìtá_Mushin

BLO mo mọ̀ ọ́n tipẹ́, arákùnrin, Mushin ni mo wà, kì í ṣe òṣùpá. Mo gbà pé gìtá Berkley Jones dára.

Ṣùgbọ́n ìwọ náà ti ń ṣe bí ẹni pé Baker ló kọ́ wọn ní rọ́ọ̀kì. Àwọn ọmọ yẹn ti ń ta gìtá kí òyìnbó kankan tó wakọ̀ gba aṣálẹ̀. The Clusters ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọn ò jókòó de Range Rover.

#17 · Ọmọ_Àyàn

Òótọ́ ni. Mo gbà fún ọ. Baker wá kọ́ṣẹ́ ju pé ó wá kọ́ni lọ.

#18 · Ṣàkàṣíkí

Ṣé òótọ́ ni pé ilé iṣẹ́ Baker ní Ìkẹjà ni Paul McCartney ti ṣe gbogbo àwo-orin Band on the Run?

#19 · Baba_Aláwo

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀, Ṣàkàṣíkí. Ibi tí wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ l'Ékòó ni sítúdíò EMI ní Àpápá, ní 1973. Orin kan ṣoṣo, "Picasso's Last Words", ni wọ́n gbà sílẹ̀ ní Batakota, sítúdíò tí Baker kọ́ sí Ìkẹjà, tó ṣí lọ́dún náà. Baker sì wà nínú orin yẹn: agolo tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí ló ń mì. Ẹ ò rí ayé, onílù tó gba ìṣẹ́jú 15 lọ́wọ́ Clapton, agolo ni McCartney gbé fún un.

Ní báyìí, mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́. Lẹ́yìn tí mo ka ohun tí Ọmọ Àyàn kọ lánàá, mo padà sídìí àpótí. Mo rò pé mo ti tú u tán. Mo fa àwo kan tí páálí rẹ̀ jẹ́ ti Jim Reeves jáde, mo wo inú rẹ̀, kì í ṣe Jim Reeves ló wà níbẹ̀. Fela pẹ̀lú Ginger Baker ni. Mo wá rántí pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Kìrìsìtẹ́nì gidi ni, kò fẹ́ Fela nílé. Bàbá náà fi Jim Reeves bo Fela láṣọ.

Nígbà náà ni mo wá tún páálí Blind Faith gbé wò. Lẹ́yìn rẹ̀, ní igun, ó fi báírò kọ ọ́ wínníwínní: "Ìkẹjà, 1972." Nítorí náà, kì í ṣe 1969 ló rà á. Àfàìmọ̀ kó jẹ́ pé Fela ló kọ́kọ́ gbọ́, tó wá ń bèèrè pé òyìnbó onílù yìí, níbo ló ti ń bọ̀? Ó wá ra Blind Faith láti mọ̀. Nígbà tí gbogbo ayé ń gbọ́ Baker láti Clapton bọ̀, òun ń gbọ́ ọ láti ọ̀dọ̀ Fela padà sẹ́yìn.

Mo gbé àwọn méjèèjì sí i lálẹ́ àná bó ṣe ṣeé ṣe kí òun gbọ́ wọn, Fela ṣíwájú. Etí mi yí padà díẹ̀. Mo ní díẹ̀.

#20 · Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀

Fela nínú aṣọ Jim Reeves! 😭😭 Ẹ jọ̀ọ́ Baba, ẹ bá wa ya fọ́tò rẹ̀.

#21 · Gìtá_Mushin

Ó yí padà báwo, Baba? Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi páálí Jim Reeves mú yín.

#22 · Baba_Aláwo

Mi ò tíì sọ pé ó dùn. Ohun tí mo gbọ́ ni pé nínú àwo Fela, Baker ò pariwo tó bẹ́ẹ̀. Tony Allen, onílù Fela, wà níbẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn àkúbà wà níbẹ̀. Ó kàn rọra wọ àárín wọn jókòó. Nígbà tí mo wá gbé "Do What You Like" sí i, ṣe ló dà bíi pé mò ń wo ẹni tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn ní òun nìkan. Ẹsẹ̀ méjì lórí ìlù ńlá méjì, ọwọ́ méjì, kò sẹ́ni tó gbà á sílẹ̀.

Ó ṣì pẹ́ jù.

#23 · Ọmọ_Àyàn

Baba, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ohun tí bàbá tèmi sọ.

Gìtá Mushin bi mí pé ta ni Baker ń bá sọ̀rọ̀. Mi ò rí èsì, mo gbé ìbéèrè náà lọ bá bàbá mi. Bí ẹ ò bá mọ̀, dùndún ni wọ́n ń lù láti kékeré, ìyáàlù ni wọ́n ń gbé kọ́ ní tiwọn. Wọn ò gbọ́ rọ́ọ̀kì rí láyé wọn. Mo fi íapíìsì sí wọn létí, mo tẹ "Do What You Like". Wọ́n ń mi orí. Tí orin náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ìka ka ìkà márùn-ún yẹn láìjẹ́ pé mo sọ fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Dùùrù kọjá, gìtá kọjá, wọn ò sọ nǹkan kan (Gìtá Mushin, má bínú).

Ó wá dé ibi tí àwọn yòókù ti dákẹ́. Bàbá mi ṣí ojú. Wọ́n ní: "Àwọn omele rẹ̀ dà?"

Mo ní kò sí. Òun nìkan ni.

Wọ́n tún gbọ́ ọ títí. Wọ́n yọ íapíìsì, wọ́n ní ọwọ́ ọkùnrin náà dára, ó le, ó mọ́. Ṣùgbọ́n ìyáàlù kì í dá sọ̀rọ̀. Gúdúgúdú ní láti máa lọ lábẹ́ rẹ̀, kẹríkẹrì ní láti wà níbẹ̀, kí ìyáàlù tó lè fi ibi tí wọ́n wà sílẹ̀ lọ, kó sì rí ibi padà sí. Wọ́n ní ẹni yìí ń ṣe ìyáàlù, ó ń sáré padà wá ṣe omele fúnra rẹ̀, ó tún ń sáré lọ. Wọ́n ní: "Ó rẹ̀ mí bá a."

Mo wá fi "Ẹ gbé mi o" sí i. Wọn ò fọhùn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Wọ́n kàn ní: "Ẹ̀n-ẹ́n. Ó ti rí wọn."

#24 · Ìyá_Ìbejì_Peckham

Ẹ bá mi kí Bàbá o. Kí Ọlọ́run fún wọn ní ẹ̀mí gígùn.

#25 · Gìtá_Mushin

Ó dáa. Mo kí Bàbá. Mo gba ti omele yẹn, ó mọ́gbọ́n dání ju gbogbo ohun tí mo ti kà lórí Baker láti ọjọ́ yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ Bàbá gan-an ló gbè mí lẹ́yìn! Tí orin náà bá ń wá omele, tí omele ò sí, a jẹ́ pé orin náà ò tíì pé nígbà tí wọ́n fi sínú àwo. Ẹ fi sílẹ̀ títí tó máa fi dé Èkó. Kí ẹ fi ìṣẹ́jú 15 yẹn fún Winwood, kó kọ "Can't Find My Way Home" mẹ́ta sí i.

#26 · Ọmọ_Àyàn

Tí wọn ò bá fi sínú àwo, ta ló máa mọ̀ pé ó ń wá nǹkan kan?

#27 · Gìtá_Mushin

🤐

#28 · Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀

Mo ti gbọ́ odidi àwo náà lẹ́ẹ̀mejì látàárọ̀. Èmi, "Had to Cry Today" ni mo mú. Gìtá tó ń yí po ní ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ò kúrò ní orí mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò. Gìtá méjì ni mò ń gbọ́, àbí etí mi ló ń tàn mí?

Ti ìlù, mo gbìyànjú. Mo ka ení títí dé àrún, mo ṣìnà ní ẹ̀ẹ̀kẹrin.

#29 · Gìtá_Mushin

Etí rẹ ò tàn ọ́. Winwood náà ń ta gìtá níbẹ̀, òun àti Clapton ni. Tó o bá fẹ́ rí àwọn méjèèjì pa pọ̀, wọ́n tún ṣeré ní Madison Square Garden ní oṣù Kejì, 2008, ibi kan náà tí ìrìn-àjò Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1969. Orin Blind Faith wà níbẹ̀ dáadáa. Grech ti kú láti 1990. Baker ṣì wà láyé nígbà yẹn, 2019 ló kú, àmọ́ òun kọ́ ló lùlù.

#30 · Ṣàkàṣíkí

Baba, èló lẹ máa ta Blind Faith yẹn? Mo ní oníbàárà.

#31 · Baba_Aláwo

Kò sí fún títà. Ti Fela náà kò sí fún títà. Tó o bá fẹ́ Jim Reeves, páálí rẹ̀ ṣófo, mo lè fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀, Ifẹ̀ sí Ìbàdàn ò jìnnà. Wá lọ́jọ́ Sátidé kan, kí o gbọ́ ọ lórí àwo, fóònù ń tàn ẹ́ jẹ ni. Ọmọ Àyàn, tí Bàbá bá lè rìn, ẹ mú wọn dání. Gìtá Mushin, ìwọ wá bu omi fún wa. Ìṣòro kan ṣoṣo tó wà ni pé abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ mi ti kú lálẹ́ àná, ní àárín "Do What You Like" gan-an. Mo ti bèèrè ní Dùgbẹ̀, wọ́n ń wò mí bí ẹni tó ń wá ẹyin àkùkọ.

#32 · Ìyá_Ìbejì_Peckham

Irú abẹ́rẹ́ wo ni, Baba? Ẹ wo ara ibi tí wọ́n ki í bọ̀, nọ́ńbà kan máa wà níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ síbí fún mi. Mo ń bọ̀ wálé nínú oṣù Kejìlá.